Ọjọ́ Tí Kápítẹ́nì Wagdi Pa Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Khamsin, ìjì eruku tó máa ń ti inú aṣálẹ̀ jáde nígbà tí òtútù bá ń lọ tí ooru ń bọ̀, ti gbé iyẹ̀pẹ̀ bo omi bo ilẹ̀. Mo dúró sí ìdí ọkọ̀ ńlá kan tó kó àlìkámà, mo fi aṣọ wé imú, mo ń tú okùn. Shehata, ọkọ Nawara àbúrò mi obìnrin, wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré wa, ó ń pariwo pé ọwọ́ mi ò yá.

"Ẹ̀gbọ́n Gaber! Ṣé okùn lẹ̀ ń tú ni àbí irun ìyàwó yín lẹ̀ ń dì?"

"Dákẹ́, kó o di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ mú!"

Iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe nìyẹn, òun náà ni bàbá Shehata ṣe. Bí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ wọ Kànáálì Suez, wọn á gbé àwa àti ọkọ̀ kékeré wa sórí rẹ̀. Bó bá di dandan kí ó dúró lójú ọ̀nà, wọn á sọ wá kalẹ̀ sínú omi, a ó gba okùn, a ó gbé e lọ sí etí omi, a ó sì kọ́ ọ mọ́ òpó irin. Lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tó jẹ́ àjèjì, ni ọmọ ilẹ̀ wa kan máa ń wà tí yóò máa sọ bí wọn ó ti rìn. Atọ́nà là ń pè é. Atọ́nà ọjọ́ náà ni Kápítẹ́nì Wagdi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń tọ́ ọkọ̀ láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. N kò bá a sọ̀rọ̀ rí kọjá "ẹ káàárọ̀, sà." Àwọn atọ́nà ń mu kọfí tiwọn lókè, àwa ń mu tíì tiwa nísàlẹ̀.

Ibi tí omi ti há jù lọ la wà, níbi tí ọkọ̀ ńlá méjì kò ti lè ya ara wọn. Ọkọ̀ tò níwájú wa, ọkọ̀ tò lẹ́yìn wa bí ràkúnmí tí wọ́n so mọ́ra. Nígbà tí eruku ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ríran mọ́, àṣẹ wá pé kí gbogbo ọkọ̀ dúró, kí oníkálùkù so ara rẹ̀ mọ́ etí omi lápá òsì. Ohùn Kápítẹ́nì Wagdi jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn:

"Ẹ̀yin ará, okùn ìdí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ ṣe é kíá. Afẹ́fẹ́ yìí ò ní dúró dè wá."

Shehata gba okùn. Ọkùnrin tó lágbára ni, ó sì lè pa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gba ìdúró. Bí tíì bá ṣì ń hó ni yóò ti dà á sẹ́nu, yóò wá máa bú tíì. Bó ti ń gbé okùn lọ, afẹ́fẹ́ gbọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀, okùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rì. Omi ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìn, sábẹ́ ìdí ọkọ̀ ńlá níbi tí àjẹ̀ irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí wà. Àjẹ̀ náà ga ju ilé lọ. Bó bá ń yí, kò sí ohun tó lè wà nítòsí rẹ̀ tí kò ní fà mọ́ra.

"Fi í sílẹ̀!" mo kígbe. "A ó fà á padà sókè!"

"Kẹ́ ẹ tó fà á tán, ọkọ̀ yìí á ti lọ bá àwọn ará Sínáì lódìkejì omi jẹun ọ̀sán!"

Ó yí ọkọ̀ kékeré padà, ó sì wọ abẹ́ ìdí ọkọ̀ lọ. Òfin wa kò gbà á. Ẹnikẹ́ni kì í kọjá síbẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé wọ́n pè é láti òkè. Mo na ọrùn wò ó. Mo rí i tó ki ọwọ́ bọ omi, tó mú okùn náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré wúkọ́, ó sì kú. Okùn náà ti wé mọ́ àjẹ̀ tirẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ lu iwájú ọkọ̀ ńlá. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo rí etí omi tó ń sún lọ lójú mi. Iwájú ọkọ̀ ń yà sápá ọ̀tún, sí ìhà Sínáì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yẹn gùn ju fífẹ̀ omi lọ. Bó bá dábùú, ó ti di igi ìdábùú ilẹ̀kùn nìyẹn, ọ̀nà ti dí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti dá a padà: kí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kí wọ́n yí ọkọ̀ sápá òsì, kí àjẹ̀ ńlá náà tì í síwájú. Mo sì gbọ́ ọ tó bẹ̀rẹ̀. Irin tí mo dúró lé ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi abẹ́ ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Shehata gbójú sókè wò mí. Kò pariwo. Ẹ̀rù bà mí gidigidi nítorí pé kò pariwo.

Mo já rédíò ọwọ́ gbà lọ́wọ́ atukọ̀ àjèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kápítẹ́nì! Ènìyàn wà lábẹ́ àjẹ̀! Ẹ má yí i! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má yí i!"

Rédíò ń hó yeeyee. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Ṣé ó lè jáde?"

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú!"

Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá ọkọ̀ àjèjì náà lẹ́yìn tirẹ̀, tó ń pariwo ní èdè òyìnbó pé agbára, agbára, kí wọ́n fi kún agbára. Ìgbà tí mo rò pé ó ti parí fún Shehata ni ìgbọ̀nrìrì dẹ́kun lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àfi ariwo afẹ́fẹ́. Mo ju àkàbà okùn sísàlẹ̀. Shehata fò mọ́ ọn, ó ń gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn títí ó fi ṣubú lé mi lórí. Bí àwa méjèèjì ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni a gbọ́ ìró kan láti iwájú ọkọ̀, ìró tó gùn, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí ńlá lórí iyẹ̀pẹ̀. Ìdí ọkọ̀ gbá lọ sápá òsì, ó kan etí omi, ó dúró.

Iwájú wa wà ní Sínáì. Ìdí wa wà lápá kejì. Ọkọ̀ kékeré wa ti fọ́ sáàárín òkúta àti irin bí èèpo ẹyin.

Kápítẹ́nì Wagdi jáde síta lókè, ó fara ti irin etí ọkọ̀, ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọlé padà.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, eruku ti lọ, gbogbo ayé sì rí wa. Lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ mọ́tò kan lókè òkun ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé nítorí pé irin tí wọ́n ń dúró dè wà lẹ́yìn wa. Ọkọ̀ kan kó àgùntàn, àgùntàn sì ti ń kú nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ti yí ojú ọkọ̀ padà láti lọ gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, wọn ò mọ ìgbà tí wọn ó débẹ̀. Àlìkámà tó wà nínú ọkọ̀ wa gan-an, búrẹ́dì tiwa ló yẹ kó dà. Ní ìlú wa, Ismailia, kò sí ilé tí kò ní ẹni tí omi yẹn ń bọ́. Ẹni tí kò gun ọkọ̀ ń fọ aṣọ atukọ̀. Ẹni tí kò fọ aṣọ ń ta ẹ̀wà fún ẹni tó ń fọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Wọ́n ti dá wa padà sílé. Mo ní kí Shehata má jáde, ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ara rẹ̀ kì í gba ìdúró. Ó tẹ̀lé mi lọ sí ilé tíì. Bí a ti wọlé báyìí, Hilmi onítakisí dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dìde, ẹ kí ọba! Ẹni tí orí rẹ̀ wọ́n ju gbogbo ọkọ̀ ayé lọ ti dé!"

"Bí orí mi bá tóbi tó bẹ́ẹ̀," Shehata dá a lóhùn, "wá jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Oòrùn ti ba agbárí tìrẹ jẹ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Hilmi kò rẹ́rìn-ín.

"Máa ṣàwàdà," ó ní. "Àwọn atukọ̀ tí mò ń gbé kò wá. Ilé ẹrù tí ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní kó má wá títí wọn ó fi pè é. Ìyá mi ra búrẹ́dì láàárọ̀, ó ti kéré sí ti àná. Ṣé o mọ iye ènìyàn tó ń jẹun láti inú omi yẹn, ìwọ Shehata? Ìwọ, ẹnì kan ṣoṣo!"

 Shehata mu tíì rẹ̀ tán. Ó jẹ́ kí ó tutù kó tó mu ún.

Lójú ọ̀nà ilé, ó dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo kú lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ti sin mí. Ìjọba ì bá fún Nawara ní nǹkan. Ọ̀nà ì bá sì ṣí."

"Pa ẹnu rẹ dé."

"Mo kàn ń rò ó ni."

"Má rò ó níwájú mi."

Ọkọ̀ tó ń fa iyẹ̀pẹ̀ dé, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ ńlá dé, wọ́n ń fà, wọ́n ń gbẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí omi òkun kún, iwájú ọkọ̀ náà jáde lára ilẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin tó wà létí omi ké igbe ayọ̀, Hilmi alára ń jó lórí takisí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé ó ti tán.

*

Kò tán. Wọ́n ti ní kí Kápítẹ́nì Wagdi jókòó sílé, wọ́n sì pe ìgbìmọ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ọkọ̀ àjèjì náà sọ pé ọkọ̀ kékeré ti jáde kúrò lábẹ́ ìdí ọkọ̀ kí atọ́nà tó pa ẹ́ńjìnnì. Pé ẹ̀rù ló kàn ba atọ́nà náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi di ti Kápítẹ́nì Wagdi, iṣẹ́ rẹ̀ sì lọ. Àwọn atukọ̀ àjèjì kò ní ta ko ọ̀gá wọn, àwa méjì péré la lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí a wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Shehata wá bá mi nínú àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní mo wà níbẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni ta ló rán mi síbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ bàbá mi. Eruku pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí? Ẹ lè sọ pé eruku bo yín lójú. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Eruku bò wá lójú lóòótọ́."

Èmi náà ti ń ro ohun kan náà láti àárọ̀. Ilé tí àbúrò mi ń gbé ni mò ń rò, àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Nawara ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ alùbọ́sà tó ń gé lọ́wọ́ dání.

"Eruku," ó ní.

"Nawara, ọ̀rọ̀ ọkùnrin là ń sọ," Shehata wí.

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin wo? Ọkùnrin kan wà nílé rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé kò jẹ́ kí n di opó. Kò mọ̀ mí. Kò mọ orúkọ ọmọ mi kan. Ìwọ wá fẹ́ lọ fi eruku bò ó mọ́lẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n Gaber. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnu yín bẹ̀ ẹ́!"

"Kí la ó máa jẹ?" Shehata bi í.

"Ohun tí àwọn opó ń jẹ," ó ní. "Díẹ̀ ló kù kí n máa jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó wọlé. Shehata jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán.

*

Yàrá tí wọ́n jókòó sí tóbi, ó sì tutù. Ọkùnrin mẹ́ta wà lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gá ọkọ̀ àjèjì wà lápá kan pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀. Kápítẹ́nì Wagdi jókòó ní apá kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń wo ojú fèrèsé. Kò wò mí rárá. Ó dà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ elòmíràn.

Àgbà inú wọn bi mí pé: "Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, níbo ni ọkọ̀ kékeré wà?"

"Ẹ̀yin àgbà," mo ní, "eruku pọ̀ lọ́jọ́ yẹn..."

Mo dánu dúró. Agbẹjọ́rò ti ń mi orí, ó ti ń dùn mọ́ ọn.  Mo rántí ojú Shehata tó gbé sókè, tí kò pariwo.

"Eruku pọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i," mo ní. "Ó wà lábẹ́ àjẹ̀. Bí mo bá na ọ̀pá, màá fi kàn án lórí. Ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èmi ni mo gba rédíò, tí mo bẹ Kápítẹ́nì. Bí kò bá pa á nígbà yẹn, kò sí ohun tí à bá rí sin."

Agbẹjọ́rò dìde. "Ta ló wá rán an lọ síbẹ̀? Ṣé atọ́nà ni?"

Kápítẹ́nì Wagdi yí ojú kúrò ní fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ẹ bi Shehata. Ó wà níta."

Wọ́n ní kí n jáde. Shehata dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní ká má sọ̀rọ̀. Ó kọjá lára mi, ó wọlé, ilẹ̀kùn padé. Mo jókòó síbẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbìyànjú àdúrà, mo ṣì í sọ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde, mo dìde pàdé rẹ̀.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní èmi ni mo gbé ara mi lọ síbẹ̀. Mo ní ẹ̀yin kìlọ̀ fún mi, mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kí akọ̀wé lè rí i kọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kejì ló nira jù."

*

Wọ́n gba iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ Shehata. Wọ́n fi í sí etí omi, kó máa ha ìpẹtà ara òpó irin, kó máa kun ún lọ́dà, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá ṣàwàdà níbẹ̀ àfi ẹyẹ. Wọ́n dá Kápítẹ́nì Wagdi padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó yẹ kó ti pàṣẹ okùn kí afẹ́fẹ́ tó le. Ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n ń gbé fún un láti ọjọ́ yẹn, títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, Nawara se pẹ́pẹ́yẹ, ó fi alùbọ́sà àti ata sí i nínú, ó fi aṣọ mímọ́ wé ìkòkò. Ó ní dandan ni kí a gbé e lọ. Èmi àti Shehata lọ bá Kápítẹ́nì Wagdi nílé rẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó bọ́ bàtà. Ó ní ká jókòó, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá fún wa.

Shehata ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó kàn ní: "Kápítẹ́nì, mo wá dúpẹ́ ẹ̀mí mi."

Ọkùnrin náà mi orí. 

"Má dúpẹ́ jù," ó ní. "Màá sọ òótọ́ fún ọ, torí pé ìwọ náà sọ òótọ́ níwájú wọn. Nígbà tí mo pa á, n ò ro nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo gun òkè ọkọ̀ lọ, mo rí àwọn ọkọ̀ tó dúró. Mi ò rí òpin wọn. Mo ro àlìkámà, mo ro àwọn ènìyàn. Mo kábàámọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Shehata. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo kábàámọ̀. Mo ní kí n jẹ́ kó o mọ̀."

N kò mọ ibi tí màá kọjú sí. Shehata gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?" ó bi í.

"Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, mo sùn."

A jókòó títí tíì fi tán. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó fún wa ní máńgòrò méjì fún àwọn ọmọ, ó sì bi Shehata pé ṣé iṣẹ́ òpó irin kò le jù. Shehata ní kò le.

A rìn lọ sílé. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé, Shehata ní: "Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lókè, èmi náà ì bá kábàámọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. 

Nawara ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Kí ló sọ? Kí ni Kápítẹ́nì sọ?"

Shehata wò mí, ó wò ó.

"Ó ní kí n kí ọ," ó ní. "Ó ní pẹ́pẹ́yẹ náà ń ta sánsán láti ìta."